Ta Ni Yóò San Ẹ̀jẹ́ Tí Òbí Jẹ́?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí rọrùn láti bi ni, ìdáhùn rẹ̀ ni kò rọrùn. Bí ẹni tí ó ní ọmọ kékeré nílé bá ṣèlérí fún ìjọba pé òun yóò jẹ́ ìpè nígbàkígbà tí wọ́n bá pe òun, ṣé òun nìkan ni ó ṣe ìlérí náà, àbí òun àti ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa? Bí ọjọ́ tí a ó san ẹ̀jẹ́ bá dé, ta ni yóò san án?

Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti rí ìbéèrè yìí. Ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Ọmọ ọdún 26 ni mí. Ọmọbìnrin wa ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 2 ni. Láàárín àwọn ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ mi níbí, kò ṣòro láti rí ẹni tí ó ti wọ iṣẹ́ ológun. Òfin ilẹ̀ náà gbà kí ẹni tí ó ní ìwé ìgbélùú wọṣẹ́ kí ó tó di ọmọ ìlú, iṣẹ́ náà sì lè mú kí ó tètè di ọmọ ìlú. Wọ́n ń ran ni lọ́wọ́ lórí owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Wọ́n ń fún ni láyè láti ra ètò ìlera tí kò gbówó lórí fún gbogbo ìdílé. Fún tọkọtaya tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ayé nílẹ̀ àjèjì, nǹkan wọ̀nyí kì í ṣe kékeré. Ìdí nìyí tí èmi náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ di sójà tí ń sùn ní bárékè lójoojúmọ́. Iṣẹ́ ológun tí ènìyàn lè ṣe mọ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni mò ń wá, kí n lè máa wà nílé tọ́ ọmọ mi.

Ọ̀nà méjì ni ó wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ni Army National Guard, èkejì ni Army Reserve. Guard ni ẹ̀gbọ́n. Ọdún 1636 ni wọ́n ń ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí, nígbà tí àwọn òyìnbó tí ó tẹ̀dó sí Massachusetts to àwọn ọkùnrin ìlú wọn sí ẹgbẹ́ ogun kí wọ́n lè máa dáàbò bo ara wọn. Reserve ni àbúrò. Ọdún 1908 ni ó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ń kọ orúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ de ọjọ́ ogun. Bí a bá wo òde wọn, bí ìbejì ni wọ́n rí. Nínú méjèèjì, ọ̀sẹ̀ 10 ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni ènìyàn yóò lọ kọ́ iṣẹ́ tí wọ́n bá yàn fún un: awakọ̀, mẹkáníìkì, olùtọ́jú aláìsàn, akọ̀wé. Nígbà tí èyí bá parí, òpin ọ̀sẹ̀ kan lóṣù àti ọ̀sẹ̀ bíi 2 lọ́dún ni ó kù. Ọdún 8 ni gbogbo àdéhùn náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn lè lo apá kan nínú rẹ̀ nílé, tí orúkọ rẹ̀ yóò ṣì wà nínú ìwé àwọn tí wọ́n lè pè. Òfin ọdún 1994 sì wà tí kò jẹ́ kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ lé ènìyàn dànù nítorí pé ológun pè é.

“Òpin ọ̀sẹ̀ kan lóṣù.” Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn tí ń gba ènìyàn síṣẹ́ ológun fi máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì dùn létí òbí. Òpin ọ̀sẹ̀ kan lóṣù kò ju àkókò tí ẹlòmíràn ń lò níbi ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìsọmọlórúkọ lọ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wádìí sí i ni ohun kan ń hàn sí mi: àkókò ni wọ́n pín sí wẹ́wẹ́, wọn kò pín ìbúra. Ìbúra ẹni tí ń lọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù àti ti ẹni tí ń gbé bárékè kò yàtọ̀ níbi tí ó le jù. Bí wọ́n bá pè ọ́, wàá lọ. Ibi tí wọ́n bá ní kí o lọ ni wàá lọ, ìgbà tí wọ́n bá ní kí o padà ni wàá padà. Nítorí náà, òbí tí ó ń ṣírò ọjọ́ méjì nínú oṣù ń ṣírò ibi tí ó rọrùn. Ọjọ́ ìpè ni ó yẹ kí ó ṣírò.

Níbi ìpè yìí gan-an ni Guard àti Reserve ti yà sí ọ̀tọ̀. Reserve ní ọ̀gá kan ṣoṣo, ìyẹn ìjọba àpapọ̀ tí ààrẹ ń darí. Guard ní ọ̀gá méjì. Gómìnà ìpínlẹ̀ ni ó ń pàṣẹ fún un nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n ààrẹ lè gbà á lọ́wọ́ gómìnà bí ogun tàbí rògbòdìyàn bá dé. Ẹni tí ó bá wọ Guard yóò búra láti dáàbò bo ìwé òfin Amẹ́ríkà, yóò búra láti dáàbò bo ìwé òfin ìpínlẹ̀ rẹ̀, yóò sì ní òun yóò tẹ̀ lé àṣẹ ààrẹ àti ti gómìnà. Iṣẹ́ wọn náà kò rí bákan náà. Guard ní àwọn tí ń jà lójú ogun, ó sì ní àwọn tí ń ṣe ìrànwọ́. Ní ti Reserve, iṣẹ́ ìrànwọ́ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀: ìṣègùn, ọkọ̀ wíwà, afárá kíkọ́, ètò oúnjẹ, omi àti epo.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí mo bá sọ̀rọ̀ ni ó ní kí òbí yan Guard nítorí pé ó sún mọ́ ilé. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìpìlẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2017, nígbà tí ìjì Harvey da omi sórí Houston, tí ojú ọ̀nà di odò, tí omi ya wọ ilé àìmọye ènìyàn, gómìnà Texas pe gbogbo ọmọ ogun Guard ìpínlẹ̀ náà, nǹkan bí 12,000. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ akẹ́rù gíga wọ inú àdúgbò, wọ́n ń gbé arúgbó àti ọmọdé jáde. Bí bàbá kan bá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìlú tí ọmọ rẹ̀ ń gbé, ọmọ náà kò ní í béèrè ohun tí iṣẹ́ ológun wà fún.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ọdún 2005 náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ìjì Katrina kọlu ìpínlẹ̀ Louisiana. Ọmọ ogun Guard tí ó lé ní 50,000 wá láti ìpínlẹ̀ káàkiri láti ṣèrànwọ́ ní agbègbè tí ìjì náà bàjẹ́. Àwọn ọmọ Louisiana kan kò sí níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun Guard ìpínlẹ̀ náà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 256 wà lójú ogun ní orílẹ̀-èdè Iraq lọ́jọ́ tí omi wọ ìlú wọn. Ìjọba àpapọ̀ ti pè wọ́n lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá yan Guard nítorí pé ó sún mọ́ ilé gbọ́dọ̀ rántí pé ìsúnmọ́lé kì í ṣe ìlérí tí ẹnikẹ́ni ṣe fún un.

Àwọn mìíràn ní kí òbí yan Reserve nítorí pé iṣẹ́ ìrànwọ́ kò léwu tó ìjà. Èyí náà ní ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó mọ. Ní ọdún 1991, nígbà ogun tí wọ́n fi lé Iraq kúrò ní Kuwait, wọ́n pe ẹgbẹ́ Reserve kékeré kan láti ìlú Greensburg ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Iṣẹ́ wọn ni láti sọ omi di mímọ́ kí àwọn ọmọ ogun lè rí omi mu. Wọn kò tíì lò ju ọjọ́ 6 lọ ní Saudi Arabia tí àdó olóró Iraq fi bọ́ lu bárékè tí wọ́n wà ní Dhahran, ní ọjọ́ 25 oṣù kejì. Ènìyàn 28 ni ó kú. Àwọn 13 nínú wọn jẹ́ ti ẹgbẹ́ olómi yìí. Ẹni tí ń se omi mímu fún ẹlòmíràn kò wá jà, síbẹ̀ ogun bá a níbi tí ó wà.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ó jinlẹ̀ ju ọ̀nà jíjìn àti ewu lọ, òun ni ohun tí wọ́n lè ní kí ọwọ́ ènìyàn ṣe. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 1957, ní ìlú Little Rock ní ìpínlẹ̀ Arkansas, akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú mẹ́sàn-án fẹ́ wọ Central High School, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ funfun nìkan. Ilé-ẹjọ́ ti fún wọn ní ẹ̀tọ́. Gómìnà Orval Faubus kó ọmọ ogun Guard dúró síbẹ̀, wọ́n sì dá àwọn ọmọ náà padà. Ní ọjọ́ 24 oṣù kan náà, Ààrẹ Eisenhower gba Guard Arkansas lọ́wọ́ gómìnà, ó sì rán àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ wá. Guard tí ó ti dí ọ̀nà mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ni ó wá ń ṣọ́ wọn nínú ilé-ẹ̀kọ́ títí ọdún ẹ̀kọ́ náà fi parí.

Mo rò nípa àwọn ọmọ ogun wọ̀nyẹn púpọ̀. Àwọn bàbá ọmọ yóò wà nínú wọn. Wọ́n ti búra kí wọ́n tó mọ̀ pé iwájú ilé-ẹ̀kọ́ ni ìbúra yóò gbé wọn dé. Ẹnì kan lè sọ pé ìtàn yìí fi hàn pé ọ̀gá méjì kò dára. Ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀gá kejì ni ó tún ohun tí ọ̀gá kìíní bàjẹ́ ṣe. Àwọn méjèèjì jàre. Ohun tí èmi rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ iṣẹ́ ológun, yálà sí ọ̀gá kan tàbí méjì, ti fún ẹlòmíràn láṣẹ láti sọ ibi tí ẹsẹ̀ òun yóò dúró sí. Òfin gbà kí ọmọ ogun kọ àṣẹ tí ó lòdì sófin, ṣùgbọ́n kò gbà kí ó yan èyí tí ó wù ú nínú àwọn tí ó bófin mu. Ẹ̀jẹ́ tí a kò mọ òdiwọ̀n rẹ̀ ni.

Àwa Yorùbá mọ irú ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa tí kò gbọ́ ìtàn Mọrèmi. Àwọn Ìgbò inú igbó, tí kì í ṣe ẹ̀yà Íbò òde òní, ń wọ Ilé-Ifẹ̀ bí egúngún, wọ́n ń kó ènìyàn àti oúnjẹ lọ. Mọrèmi lọ sí odò Ẹsìnmìrìn, ó ní bí odò bá lè ran òun lọ́wọ́ láti mọ àṣírí àwọn akóni-lẹ́rú yìí, ohun tí odò bá béèrè ni òun yóò fi tọrẹ. Ó jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú, ó mọ àṣírí wọn pé aṣọ koríko ni wọ́n ń wọ̀, ó padà wálé, Ifẹ̀ sì fi ògùṣọ̀ ṣẹ́gun wọn. Ìgbà tí ó lọ san ẹ̀jẹ́, odò kọ màlúù, ó kọ àgùntàn. Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni odò béèrè. Ilé-Ifẹ̀ ń rántí rẹ̀ nínú ọdún Ẹdì títí di òní.

Nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ wa ní ìtàn yìí, ìgboyà Mọrèmi ni a máa ń yìn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti di bàbá, Olúorogbo ni mò ń rò. Mọrèmi ni ó jẹ́ ẹ̀jẹ́, Olúorogbo ni wọ́n fi san án. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ ń bá odò sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tí ó bi í léèrè. Ara Mọrèmi jẹ́ tirẹ̀ láti fi sílẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ nígbà tí ó jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú. Títí dé ibẹ̀, n kò rí àléébù kan. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé ó sọ fún odò pé “ohunkóhun”, nígbà tí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan wà nínú ohunkóhun náà.

Ṣé kí a wá sọ pé kí òbí má jẹ́ ẹ̀jẹ́ kankan mọ́? Èrò yìí wá sí mi lọ́kàn, àwọn àgbà kan sì gbà mí nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀: kí n jẹ́ kí ọmọ dàgbà ná. Mi ò lè kó ìmọ̀ràn wọn dànù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ tí omi kún Houston. Bí ó bá tún kún, tí ọmọ mi wà lórí òrùlé, ẹnì kan ni yóò wa ọkọ̀ ojú omi wá gbé e. Ẹni náà lè ní ọmọ nílé. Bí gbogbo òbí bá ní “kì í ṣe èmi”, àwọn tí kò bímọ nìkan ni yóò máa gba ọmọ wa là. Ifẹ̀ tí Mọrèmi gbà là, Olúorogbo náà ń gbé inú rẹ̀. Bí Mọrèmi bá jókòó sílé, wọn ì bá kó òun àti ọmọ rẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan. Ọmọ ní ìpín nínú ààbò ìlú. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí òbí ṣiṣẹ́ fún ìlú. Ohun tí ó kù ni kí ó mọ èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀ láti fi sílẹ̀ àti èyí tí ó jẹ́ ti ọmọ.

Kí ni ó jẹ́ ti ọmọ? Èmi rò pé ohun kan ni: kí ọwọ́ kan wà tí yóò gbé e, lójoojúmọ́, láìsí ọjọ́ tí kò ní sí. Owó kò lè dípò èyí. Láti ọdún 2023, ìdílé ọmọ ogun tí ó bá kú lè gba owó adójútòfò tí ó tó 500,000 dọ́là. Owó náà lè ra ilé, ó lè rán ọmọ nílé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n owó kì í jí lóru nígbà tí ara ọmọ bá gbóná.

Ó yà mí lẹ́nu pé iléeṣẹ́ ológun fúnra rẹ̀ mọ èyí. Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní Family Care Plan. Wọ́n máa ń ní kí òbí tí ó ń dá ọmọ tọ́, àti tọkọtaya tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ ogun, kọ ọ́. Nínú rẹ̀ ni wọn yóò ti dárúkọ ẹni tí yóò gba ọmọ lójú ẹsẹ̀, ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ bí ìrìn-àjò bá pẹ́, bí owó yóò ṣe máa dé ọwọ́ ẹni náà, àti àṣẹ tí yóò fi lè mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹni tí wọ́n dárúkọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Òbí tí kò bá lè kọ ọ́ dáadáa lè pàdánù iṣẹ́ náà. Òfin kò ní kí irú tèmi kọ ọ́, nítorí pé ìyàwó mi wà nílé, kì í sì í ṣe ológun. Síbẹ̀ èmi àti ìyàwó mi jókòó kọ tiwa, kí a tó yan ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ìwé yẹn ni ó yanjú ohun tí àròjinlẹ̀ mi kò lè yanjú. Ilé ìwòsàn ni ìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ alẹ́ ni ó pọ̀ jù fún un. Ní Houston, bí ìjì bá ń bọ̀, àwọn ilé ìwòsàn máa ń yan òṣìṣẹ́ tí yóò dúró sínú ilé ìwòsàn títí ìjì yóò fi kọjá. Nígbà tí a kọ Guard sí orí ìwé, tí a dé ibi tí a ó ti dárúkọ ẹni tí yóò gba ọmọ lójú ẹsẹ̀, ìyàwó mi gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ gbọ́ ná. Bí omi bá ya wọlé lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ní kí n dúró síbi iṣẹ́, tí gómìnà sì ti pè yín, ta ni yóò gbé ọmọ yìí jáde?” A kò ní ẹbí ní Houston. Ìyá mi wà ní Ìbàdàn. Dallas ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wà, ìrìn nǹkan bí wákàtí 4 bí ojú ọ̀nà bá dára, ojú ọ̀nà kì í sì í dára lọ́jọ́ omíyalé. A pè é lórí fóònù. Ó dáhùn pé, “Ọkọ àbúrò mi, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, màá dé, màá sì dúró ti ọmọ yín fún ọdún kan. Ṣùgbọ́n ẹ má fún mi ní wákàtí méjì o. Mi ò lè fò.”

Nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ìyàtọ̀ Guard àti Reserve wà fún ilé tiwa. Wọ́n lè pe Reserve náà sí ìjàǹbá abẹ́lé, ṣùgbọ́n Guard ni gómìnà máa ń kọ́kọ́ pè, ìpè náà sì lè jẹ́ ti wákàtí díẹ̀, nítorí pé omi kì í ránṣẹ́ ṣíwájú. Ìpè Reserve sáàbà máa ń gbé ènìyàn lọ jìnnà, fún oṣù púpọ̀, ṣùgbọ́n ó sáàbà máa ń fún ni láyè láti palẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ tí ó sún mọ́ ilé jù ni ó lè fi ọmọ wa sílẹ̀ láìsí ọwọ́ kankan lálẹ́ ọjọ́ kan. Èyí tí ó jìnnà ni ó fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi láyè láti dé. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè tẹ́lẹ̀, òdìkejì ni ǹ bá sọ.

Ẹnì kan lè sọ pé ìmọtara-ẹni-nìkan ni èyí, pé mo ń sá fún omi ìlú mi. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Mi ò ka òwe yìí sí àwáwí fún ẹni tí kò fẹ́ ran ọmọ ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ohun tí mo gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé bí kò bá sí ẹni tí yóò fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ tìrẹ, iṣẹ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀rẹ́ mi kan ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì ní ìlú kan náà pẹ̀lú wa. Bí wọ́n bá pè é lóru, ọwọ́ mẹ́ta ti wà nílé tí yóò gbé ọmọ rẹ̀. Guard ni ó yẹ irú rẹ̀, mo sì gbóríyìn fún un. Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé náà ni ó yẹ kí á wò kí á tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ tí yóò kan ọmọ.

Reserve ni mo yàn. Mi ò sọ pé ìbéèrè mi ti parí. Ikú ẹgbẹ́ olómi Greensburg ṣì wà lọ́kàn mi, ìwé tí a kọ kò sì lè dá àdó olóró dúró. Ọmọ mi kò lè fọwọ́ sí ìwé. Bí mo bá lọ fún ọdún kan, òun ni yóò san ọdún náà, yóò sì san án láìjẹ́ pé ó jẹ ẹ́. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n rí i dájú pé ohun tí yóò san kò ju àárò mi lọ. Kò gbọdọ̀ fi ebi san án, kò gbọdọ̀ fi àìrẹ́ni-gbé-e san án. Bí ilé bá sì yí padà, bí a bá bí òmíràn tàbí bí ara ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi kò bá le mọ́, a ó tún ìwé náà kọ.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka ìwé yìí ní ilé lè má ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ológun Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n òbí tí ó ń lọ sí òkè òkun tí ó fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyá àgbà ti jẹ́ ẹ̀jẹ́. Olùkọ́ tí wọ́n gbé lọ sí ìgbèríko, ọlọ́pàá, dókítà, awakọ̀ ọ̀nà jíjìn, gbogbo wọn ti fi àkókò tí ọmọ ní ìpín nínú rẹ̀ dá májẹ̀mú. Iṣẹ́ wọn dára, ìlú kò lè ṣe aláìní wọn. Kí wọ́n tó sọ pé “mo gbà”, ẹ jẹ́ kí wọ́n dárúkọ ẹni tí yóò gbé ọmọ, kí wọ́n sì gbọ́ “mo gbà” lẹ́nu ẹni náà pẹ̀lú. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ náà, bí òbí yín bá wà níbi iṣẹ́ tí ó jìnnà, ẹ wo ẹni tí ń se oúnjẹ yín, tí ń wo ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá yín. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti jókòó ronú kí ẹ tó bá ẹni náà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ́ òbí kò ṣeé san láìkan ọmọ. Ṣùgbọ́n òbí lè mọ iye tí yóò kan ọmọ náà kí ó tó ṣí ẹnu, kí ó sì kọ́kọ́ san apá tí ó tóbi jù fúnra rẹ̀.